Ẹ̀fọn Tó Di Ìkeje

Bàbá náà kò kánjú. Ó kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún kan ahọ́n, ó gbé e sókè, ó wò ó bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti tó. Lẹ́yìn náà ló wá fi àkísà pélébé kan wé e, àkísà tó ti ń mu kẹrosíìnì láti àárọ̀. Ó lóṣòó síwájú pátákó tuntun náà. Igun ìsàlẹ̀, lápá ọ̀tún. Àmì kan wà níbẹ̀, ewé kékeré kan tí kò ju hóró àgbàdo lọ, ọ̀dà rẹ̀ ò tíì gbẹ. Ó gbé àtàǹpàkò lé e. Kò tíì nù ún o. Ó kàn tẹ̀ ẹ́, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń wò bóyá ọmọ ọwọ́ ti sùn. Ó yí ìka náà lẹ́ẹ̀kan. Ó yí i lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò, ewé ti lọ, ojú ibẹ̀ ń dán yinrin.

"Ta ló kú?" ó bi ọmọ rẹ̀ obìnrin tó dúró lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹnì kankan ò kú, Bàbá."

"Mo ní kí n bèèrè ni. Mo rí i tí wọ́n ti ń pín ogún."

Ó ti búrọ́ọ̀ṣì kékeré bọ ọ̀dà dúdú, ó sì kun ẹja rẹ̀, àmì tó fi ń fọwọ́ sí iṣẹ́, síbi tí ewé ti kúrò. Ẹja kan báyìí, ìrù rẹ̀ ká sókè, ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀ kedere. Ìgbà kọkànlá nìyí tí ẹja máa jókòó lórí ewé.

Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni obìnrin tí wọ́n nu ewé rẹ̀ yìí. Ó ti sin ọkọ, ó ti tọ́ ọmọ méjì yanjú. Ọwọ́ rẹ̀ ló kun pátákó oníṣègùn eyín, ti oníbúrẹ́dì, ti ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀, àti gbogbo Ẹ MÁ TỌ̀ SÍBÍ tó wà lára ògiri ìlú, tí àwọn tó ń tọ̀ síbẹ̀ pàápàá gbà pé ó gún régé. Síbẹ̀ Ọmọ Ọlọ́dà ni wọ́n ń pè é. Bàbá rẹ̀ ni Ọlọ́dà, torí ọ̀dà ló fi ń jẹun láti àádọ́ta ọdún. Òun sì ni ọmọ. Ọmọ, pẹ̀lú ewú lórí. Bó bá yà kí onígbàjámọ̀, onígbàjámọ̀ á ní, "Ọmọ Ọlọ́dà, ṣé bàbá wà nílé?" Àfi bíi pé fèrèsé lòun jẹ́, tí wọ́n ń gba ojú rẹ̀ wo ẹni tó wà nínú yàrá.

Kò bínú. Inú bíbí ì bá gba àyè tó fi ń dá àpárá.

Ilé iṣẹ́ wọn jẹ́ yàrá gbọọrọ kan tó ń rùn fún ọ̀dà àti pákó tuntun. Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, bàbá ló kọ ọ́ sókè ilẹ̀kùn pẹ̀lú lẹ́tà pupa: OHUN TÍ WỌ́N BÁ GBÉ WÁ NI KÍ O KÙN. MÁ BÁ WỌN RONÚ. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pa á mọ́ rọrùn. Wọ́n á fi pẹ́ńsù fa ìlà sójú àwòrán kékeré tí oníbàárà gbé wá, ìlà níbùú, ìlà lóòró, títí á fi rí bí ojú àwọ̀n. Wọ́n á fa irú rẹ̀ ńlá sára ògiri. Wọ́n á wá máa kó ohun tó wà nínú ojú kékeré kọ̀ọ̀kan lọ sínú ojú ńlá tirẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń kó ẹrù láti ilé kékeré lọ sí ilé ńlá. Bàbá máa ń fi páálí bo ìyókù àwòrán, kí ojú ọmọ má baà rìn lọ síbi tí kò kàn án.

Ọmọ sì pa òfin náà mọ́ tọkàntọkàn. Ibẹ̀ gan-an ni àpárá rẹ̀ wà.

Nígbà kan, onígbàjámọ̀ gbé fọ́tò orí ọkùnrin kan wá, kí wọ́n kùn ún sí pátákó fún un. Fọ́tò náà ti ká sí méjì nínú àpò rẹ̀, ojú ibi tó ká sì gba orí ọkùnrin náà kọjá. Ọmọ kun orí, ó kun irun, ó kun ojú ibi tó ká. Ìlà funfun kan, tààrà, láti iwájú orí dé ìpàkọ́. Onígbàjámọ̀ ká ọwọ́ lérí. Kí oṣù tó parí, àwọn ọ̀dọ́ ti ń wá láti òpópónà kejì, wọ́n ń nàka sí pátákó: "Bí ẹ ṣe máa gẹ tèmi nìyẹn. Olílà." Onígbàjámọ̀ sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ẹja bàbá ló wà nísàlẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹja ni gbogbo ìyìn lọ.

Ilé ìwé girama tó wà ní òpópónà kejì ló gbé iṣẹ́ tó dá ìtàn yìí sílẹ̀ wá. Ògiri iwájú yàrá sáyẹ́ǹsì ni. Mítà mẹ́fà ní gígùn, mítà mẹ́ta ní gíga. Àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ọ̀gá Àgbà ilé ìwé sì fẹ́ kí ojú wọn rí nǹkan.

Tíṣà Físíìsì ló mú ìwé wá, ọ̀dọ́mọkùnrin tín-ín-rín kan tí ṣòkòtò rẹ̀ dà bíi pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló yá a. Ó ṣí ojú ewé kan. Bọ́ọ̀lù kéékèèké kó jọ sáàárín, òbíríkítí méjì yí wọn ká, bọ́ọ̀lù mìíràn tò sójú òbíríkítí náà.

"Átọ́mù kábọ́ọ̀nù nìyí, Bàbá," ni Tíṣà wí. "Gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn, átọ́mù ló kóra jọ tó fi di nǹkan. Pẹ́ńsù tẹ́ ẹ fi há etí yẹn, kábọ́ọ̀nù ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin gan-an alára..."

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣàlàyé. Ẹ gbé ìwé sílẹ̀."

Tíṣà gbé ìwé sílẹ̀.

Ọmọ ló rí i, bó ṣe ń fa ìlà. Lójú òbíríkítí ìta, láàárín bọ́ọ̀lù méjì, ohun kan wà tí kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Ó rí roboto, ó dúdú, ó sì pọ́n díẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ kan. Ọmọ tẹjú mọ́ ọn. Ẹ̀fọn ni. Ẹnì kan ti pa ìwé náà dé mọ́ ọn lórí, bóyá ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ẹ̀jẹ̀ onítọ̀hún ṣì wà nínú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀fọn wà níbí."

"Níbo?"

"Nínú átọ́mù."

Bàbá gbé awò lé imú, ó tẹ̀ síwájú. "Ó wà nínú ìwé àbí kò sí nínú ìwé?"

"Ó wà nínú ìwé."

"Ta ló ni ìwé?"

"Tíṣà ni."

"Ṣé Tíṣà ò lójú ni?"

"Ó lójú, Bàbá."

"Kí ló wà lókè ilẹ̀kùn?"

Ọmọ gbójú sókè, ó ka òfin náà jáde ketekete bí ọmọ iléèwé. Inú rẹ̀ ń dùn débi pé ó ní láti fi eyín gé ẹ̀yìn búrọ́ọ̀ṣì kó má baà rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kùn ún. Ó lo ìdajì àárọ̀ kan lórí ojú ibi tí ẹ̀fọn wà nìkan. Ó po dúdú mọ́ pupa, ó fi búrọ́ọ̀ṣì tó tín jù nílé fa ẹsẹ̀ náà, ó sì tẹ orúnkún rẹ̀ díẹ̀. Kò sí ohun tó dára tó o lára ògiri náà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, bàbá dé, ó wò ó láti òkèèrè, ó mi orí, ó lóṣòó, ó kun ẹja rẹ̀ sí igun.

Ọjọ́ Ajé, Tíṣà kó kíláàsì rẹ̀ jáde síwájú ògiri. Ó ṣàlàyé pé àwọn bọ́ọ̀lù àárín ni kóró átọ́mù, pírótọ́ọ̀nù mẹ́fà àti niútírọ́ọ̀nù mẹ́fà. Ó ní àwọn tó wà lójú òbíríkítí ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù.

"Mélòó ni kábọ́ọ̀nù ní?"

"Mẹ́fà, sà."

"Ẹ kà wọ́n."

Wọ́n kà wọ́n. Ó di méje. Wọ́n tún un kà láti apá òsì. Méje.

"Sà," ni ọmọbìnrin kan wí, "ìkeje ní orúnkún."

Tíṣà sáré lọ mú ìwé rẹ̀. Ó fi èékánná họ ojú ewé náà, ẹsẹ̀ ẹ̀fọn sì ṣí kúrò, ó bọ́ sí i látẹ́lẹwọ́. Ẹ̀rín tí kíláàsì náà rín, wọ́n gbọ́ ọ dé ẹnu géètì.

Ọ̀gá Àgbà jáde. Obìnrin gíga kan ni, kì í gbé ohùn sókè torí kò nílò rẹ̀. Ó wo ògiri, ó wo ìsàlẹ̀ ògiri.

"Ẹja ta nìyí?"

Wọ́n lọ pe Ọlọ́dà àti ọmọ rẹ̀. Bàbá gbé awò lé imú, ó wo ìwé, ó wo ògiri, ó tún wo ìwé.

"Ó wà nínú ìwé," ó wí.

Ọ̀gá Àgbà nàka sí ẹja náà. Ó yọ àkísà lápò. Ó fi àtàǹpàkò kan ahọ́n. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín àádọ́ta ọdún, Ọlọ́dà lóṣòó láti nu ẹja ara rẹ̀. Ọ̀dà ti gbẹ láti ọjọ́ Ẹtì, nítorí náà kò lọ bọ̀rọ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ń họ ọ́, ó ń mí. Kíláàsì tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan ti ń wo ilẹ̀. Ibẹ̀ ni àpárá náà ti tutù lẹ́nu ọmọ.

Nílé, bàbá fa àga, ó kọ ẹ̀yìn sí i.

"O mọ̀ pé ẹ̀fọn ni."

"Mo sọ fún yín, Bàbá."

"O sọ ọ́. O ò wá sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì."

Òótọ́ ni.

"Ẹja mi ò ní padà síbẹ̀," ni bàbá wí fún ògiri. "Ìwọ lo kun ẹ̀fọn, ìwọ ni kó o lọ parí rẹ̀. Bí àwọn alábẹ̀wò bá wá, tí wọ́n lọ, tí ẹnikẹ́ni ò dá iṣẹ́ náà padà, èmi pẹ̀lú rẹ á jọ sọ̀rọ̀ ewé rẹ."

Kò sọ irú rẹ̀ rí. Ọmọ rọra jókòó. "Bí wọ́n bá dá a padà ńkọ́?"

"Wàá máa jẹ́ Ọmọ Ọlọ́dà títí màá fi kú. Ara mi sì le."

Lọ́jọ́ kejì ọmọ bá Tíṣà nínú yàrá sáyẹ́ǹsì, níbi tó ti ń fọ ìgò.

"Bí mo bá ti pa ẹ̀fọn rẹ́, ṣé ó parí?"

Tíṣà gbé ìgò kalẹ̀. Ó jọ ẹni tí bàtà ń fún. "Àǹtí, kí n má tàn yín. Ẹ pa á rẹ́ o, ẹ ò pa á rẹ́ o, irọ́ ni àwòrán yẹn ń pa."

"Àwòrán inú ìwé yín?"

"Ti inú gbogbo ìwé. Kóró átọ́mù kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sì jìnnà sí i ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n fà wọ́n súnmọ́ra torí ojú ewé ò fẹ̀ tó."

"Ògiri tèmi fẹ̀."

"Ògiri tiyín náà ò fẹ̀ tó."

Kò sẹ́ni tó bá obìnrin yìí sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó fa àga kan, ó jókòó. "Ẹ wí."

Tíṣà mú ṣọ́ọ̀kì. Ó ní kí àwọn fi kábọ́ọ̀nù sílẹ̀, kí àwọn mú èyí tó rọrùn jù, háídírójìn: kóró rẹ̀ kò ju pírótọ́ọ̀nù kan lọ, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan péré ló ní. Ó kún inú omi tóun fi ń fọ ìgò yẹn. "Bí ẹ bá kun pírótọ́ọ̀nù náà kó fẹ̀ tó èékánná ìka yín tó kéré jù," ó ń kọ nọ́ńbà lọ sójú tábìlì, "láti ibẹ̀ dé ibi tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ á wà, á tó nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún mítà."

Ọmọ yíjú sí fèrèsé, ó fi ojú wọn òpópónà bó ṣe máa ń fi ojú wọn pákó. "Ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ nìyẹn."

"Ó ṣeé ṣe."

"Kí ló wà láàárín kóró àti onígbàjámọ̀?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Nǹkan kan rárá?"

"Òfìfo ni, Àǹtí. Bí gbogbo nǹkan ṣe rí nínú nìyẹn. Tábìlì yìí. Èmi. Ẹ̀yin."

"Ẹ rọra sọ̀rọ̀ sí mi o. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù yẹn, báwo ló ṣe tóbi sí?"

"Ẹnikẹ́ni ò tíì rí i wọ̀n. Ibi tí ìmọ̀ wa dé, ojú àmì lásán ni, kò ní fífẹ̀."

"Ó sì ń yí po lójú òbíríkítí."

"Irọ́ kejì nìyẹn. Kò lójú ọ̀nà. A ò lè sọ pé ibi báyìí ló wà. Ibi tó ṣeé ṣe kó wà la lè sọ. Nígbà mìíràn ó lè súnmọ́, nígbà mìíràn ó lè jìnnà sí i. Ìgbà tẹ́ ẹ bá wá a lẹ tó máa rí i níbì kan."

"Pírótọ́ọ̀nù ńkọ́? Òun náà ò lè dúró sójú kan?"

"Òun dúró. Kúáàkì mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, wọ́n so mọ́ra débi pé kò sẹ́ni tó lè fa ọ̀kan yọ kó dá dúró."

"Èmi, bàbá mi, àti ẹja rẹ̀," ni ó wí. Ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. Tíṣà sọ lẹ́yìn náà pé bóun bá mọ ẹ̀rín yẹn tẹ́lẹ̀ ni, òun ì bá ti ti ilẹ̀kùn.

Ọmọ kun gbogbo ògiri náà ní funfun. Ẹ̀ẹ̀mejì. Nígbà tó gbẹ tán, ó dúró sáàárín, ó fi ìka tó kéré jù wọn ibi kan, ó sì kun àmì pupa kan síbẹ̀, roboto, bí èékánná. Nínú pupa náà ó fi ẹnu abẹ́rẹ́ sàmì bíńtín mẹ́ta. Lábẹ́ rẹ̀ ó kọ ìlà kan pẹ̀lú lẹ́tà tí kò tóbi: ẸLẸ́KÍTÍRỌ́Ọ̀NÙ RẸ̀ WÀ NÍTA. Ẹ LỌ WÁ A. Ó parí. Mítà mẹ́fà.

Ọ̀gá Àgbà rìn láti ìpẹ̀kun ògiri kan dé èkejì.

"Àmì kan," ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ìyókù ńkọ́?"

"Ó jìnnà, mà."

Wọ́n pe Tíṣà kó wá ṣàlàyé. Ó ṣàlàyé, òógùn ń bọ́ lára rẹ̀. Ọ̀gá Àgbà gbọ́ ọ títí dé òpin, ó wo òpópónà, ó wo àmì. "Bí àwọn alábẹ̀wò bá bínú," ó wí, "ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa kun ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mi, nínú àti lóde." Ó padà sí ọ́fíìsì rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni ìwákiri bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ti jáde láti fẹ̀ẹ́rẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tó gbẹ́ lẹ́nu ṣóńṣó, ó ti sàmì kan, ojú kan bíńtín, sí ibì kan nínú ìlú. Ọjọ́ méjì ni kíláàsì náà fi wá a lẹ́yìn àkókò ilé ìwé. Ara òpó ilẹ̀kùn onígbàjámọ̀ ni wọ́n ti rí i, níbi tí ìdè ilẹ̀kùn wà. Wọ́n na ọwọ́ sókè bí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Nígbà tí wọ́n máa padà wá fi hàn Tíṣà lọ́la rẹ̀, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti wà lábẹ́ fèrèsé oníbúrẹ́dì. Lẹ́yìn ìyẹn, ara ìjókòó ibùdókọ̀.

Onígbàjámọ̀ pe ọmọ sí kọ́rọ̀. "Ọmọ Ọlọ́dà, kí ni àwọn ọmọ yìí ń wá lẹ́nu ọ̀nà mi?"

"Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù."

"Ṣé ó máa ń ranni?"

"Ó ti wà lára yín tipẹ́."

Láti ọjọ́ náà ni onígbàjámọ̀ ti ń fi ọṣẹ fọ òpó ilẹ̀kùn rẹ̀ láràárọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, bàbá gbọ́ pé ọmọ òun kun ògiri ńlá tí kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Ó dé fìlà, ó lọ wò ó fúnra rẹ̀. Tíṣà bá a níbẹ̀, tó ń fi ìka kan ògiri. Kọ, kọ, kọ.

"Wọ́n ní ẹ sọ pé òfìfo ni."

"Púpọ̀ nínú rẹ̀, Bàbá."

"Òfìfo ló ń dún báyìí?"

"Àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ọwọ́ yín ló ń ti ti ògiri sẹ́yìn. Ti ògiri náà ń ti tiyín. Wọn ò jẹ́ gba ara wọn láyè. Ohun tí ọwọ́ wa mọ̀ sí líle nìyẹn."

"Wọ́n kanra wọn àbí wọn ò kanra wọn?"

Tíṣà fa ṣòkòtò rẹ̀ sókè. "Ká sọ ọ́ bó ṣe rí, Bàbá, wọn ò kanra wọn."

Bàbá wo ọwọ́ rẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn. "Àádọ́ta ọdún tí mo ti ń kun ògiri. Mi ò kan ògiri rí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dáa. Ẹ kú iṣẹ́."

Ó bá tirẹ̀ lọ. Kò tíì dé ẹnu géètì tó fi rí i pé ẹsẹ̀ ń bẹ lẹ́yìn òun. Ó yíjú padà: kíláàsì odindi, pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, gbogbo wọn dúró. Ó rìn. Wọ́n rìn. Ó yà sọ́tùn-ún, wọ́n yà. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀, ó ṣí fìlà, ó yí i po lọ́wọ́. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, láàárín gbùngbùn, ojú ṣọ́ọ̀kì funfun kan wà.

Onígbàjámọ̀ ń retí pé yóò bú sí ariwo. Bàbá wo ojú funfun náà pẹ́. Ó kọ́kọ́ gbé àtàǹpàkò lọ sẹ́nu. Ó dá a dúró sọ́nà. Ó dé fìlà rẹ̀ padà, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó gbé àwo ẹyin lérí, ó sì jáde. Dípò kó gbọ̀nà ilé, ó gba ọ̀nà ọ́fíìsì ìfìwéránṣẹ́. Láti ibẹ̀, ó gba ìsọ̀ àwọn aláwọ̀. Ó fi àwọn ọmọ náà yí ìlú po lẹ́ẹ̀mẹta, ó dúró kí àwọn èèyàn, ó dúró ra ìwé ìròyìn, ó dúró kà á. Oòrùn ti ń wọ̀ kó tó tú wọn sílẹ̀.

"Wọ́n ní wọ́n ń wá a," ó wí fún ọmọ rẹ̀ nílé. "Mo ní kí wọ́n wá a dáadáa."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ fi ojú ṣọ́ọ̀kì sára pátákó òpópónà, ó sì lọ sí ilé ìwé láti fọ eruku ara ògiri. Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ sẹ́yìn rẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kọ nǹkan sínú ìwé. Tíṣà kọjá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọsẹ̀.

"Àǹtí, ẹ má mira. Ó wà lẹ́yìn yín."

Ọmọ fọwọ́ kan ẹ̀yìn aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì. Ó rántí pé bàbá ló bá òun so okùn aṣọ náà láàárọ̀, ohun tí kò ṣe láti ìgbà tóun ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá.

Àwọn alábẹ̀wò mẹ́ta dé ní ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n wọ bàtà dúdú, wọ́n gbé fáìlì. Wọ́n dúró níwájú ògiri funfun. Ọmọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú bàbá. Olórí àwọn alábẹ̀wò súnmọ́ ògiri, ó ka ìlà tó wà lábẹ́ àmì, ó bojú wẹ̀yìn.

"Níta níbo?"

Ìbéèrè yẹn ni kíláàsì náà ń dúró dè. Gbogbo wọn sọ̀rọ̀ pọ̀: ọ̀ọ́dúnrún mítà, kúáàkì mẹ́ta, kò lójú ọ̀nà, ó wà lára fìlà bàbá kan lọ́jọ́ kan. Àwọn alábẹ̀wò wo ara wọn. Wọ́n gbé fáìlì wọn fún Ọ̀gá Àgbà mú, wọ́n sì tẹ̀lé àwọn ọmọ jáde ní géètì. Wákàtí méjì ni wọ́n lò níta. Wọn ò dé ilé ìdáná, wọn ò dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn pẹ́ lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, ìlà ti wà lórí rẹ̀ nígbà tó padà. Olórí wọn kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún sínú fáìlì. Ọ̀gá Àgbà yọjú kà á: Ẹ má pa á rẹ́.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Ọ̀gá Àgbà lọ wo igun ìsàlẹ̀ ògiri.

"Kò sẹ́ni tó fọwọ́ sí i. Bí ọ̀dà yìí bá ń ṣí lọ́la, ta ni màá pè?"

Ojú gbogbo wọn lọ sára bàbá. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó tì í bọ dúdú, ó lóṣòó. Ó gbé ọwọ́ dé ògiri, ó dúró. Ó gbójú sókè wo àmì pupa, tí kò ju èékánná lọ. Ó wo àyè tí ẹja rẹ̀ máa ń gbà, ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan.

"Bí mo bá kùn ún síbí," ó wí, "ẹja ni wọ́n á máa kà."

Ó ṣì lóṣòó. Lẹ́yìn náà, láìwẹ̀yìn, ó na búrọ́ọ̀ṣì náà sókè lórí èjìká.

Ọmọ gbà á. Òun náà lóṣòó. Kò kun ewé. Ó kun ara kan, bíńtín, ó kun ìyẹ́ méjì, ó kun ẹsẹ̀, ó sì tẹ orúnkún rẹ̀ díẹ̀.

"Àǹtí," ni Tíṣà sọ lẹ́yìn wọn, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, "kì í ṣe ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù nìyẹn o?"

"Ó ní orúnkún, Tíṣà."

Bàbá tẹ̀ síwájú, ó wo ẹ̀fọn náà láti orí dé ẹsẹ̀. Ó gbé àtàǹpàkò, ó fi kan ahọ́n, ó gbé e sókè, ó wò ó. Bàbá fi àtàǹpàkò náà họ ọrùn ara rẹ̀, bí ẹni tí nǹkan jẹ, ó dìde, ó ní kí wọ́n máa lọ sílé.

Láti ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, ẹ̀fọn ló ń wà nísàlẹ̀ gbogbo pátákó tó bá jáde nílé iṣẹ́ náà. Bàbá ló ń fa ìlà, ọmọ ló ń kùn. Wọ́n ti nu òfin òkè ilẹ̀kùn. Ẹlẹ́ẹ̀fọn ni àdúgbò ń pe ọmọ báyìí.